Rìsíìtì kì í ṣe ọ̀tá ọlọ́jà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń tajà ní Sanguéra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún oníbàárà pé "tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìsíìtì, owó á lé sí i." Ẹni tí TVA 18% kàn, 1,800 lórí ọjà 10,000 sẹ́fà, owó ìlú ni, kì í ṣe ohun tí à ń ná. Ẹni tí TVA ò kàn ńkọ́, owó kí ló ń lé?

Ní Benin, ẹ̀rọ MECeF ló ń tẹ rìsíìtì tó ní àmì QR. Ẹni tí ò rówó ra ẹ̀rọ ń lo e-MECeF lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà Kútọnù ò torí ẹ̀ tú.

OTR náà, ẹ gbọ́: èyí tẹ́ ẹ bá máa gbé wá fún wa, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kẹ́ ẹ sì fi èdè tá a gbọ́ kọ́ wa. Àwa náà, ká yé sá fún un.