Kí Ọmọ Yín Tó Yọ̀ǹda Ọjọ́ Ẹ̀wọ̀n Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹbí tó ń jẹ́jọ́ ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin ibẹ̀ sọ pé ọjọ́ tí ènìyàn bá ti lò ní àtìmọ́lé nítorí ẹ̀sùn kan ni a ó yọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n bá dá fún un lórí ẹ̀sùn náà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbà pé ẹni náà lè fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda àwọn ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Adájọ́ kò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀. Ó fi í sí próbéṣọ̀n, ìyẹn ni pé kó lo oṣù 10 ní àtìmọ́lé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa gbé nílé lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́. Ó lo oṣù 10 náà tán, ó jáde, kò sì pa àdéhùn mọ́. Àtìmọ́lé tí adájọ́ lè fi kún próbéṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju ọdún 1 lọ, nítorí náà oṣù 2 péré ló kù. Adájọ́ rí i pé ó kéré. Ó ní bí ọmọ náà bá yọ̀ǹda oṣù 10 àkọ́kọ́, òun yóò fún un ní ọdún 1 mìíràn, òun yóò sì dá próbéṣọ̀n rẹ̀ padà.

Ta ni kò ní gbà? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A kò sì sọ pé ètò náà burú pátápátá, nítorí ó lè yọ ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀.

Bó bá tún kọsẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, oṣù 12 ìkẹ́yìn nìkan ni wọn yóò kà fún un. Dípò oṣù 14, oṣù 24 ló kù níwájú rẹ̀, bí a kò bá ka ìdínkù tí ìwà rere lè mú wá. Ní ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní California sọ nínú ẹjọ́ People v. Arnold pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá, títí kan ẹ̀wọ̀n ọjọ́ iwájú. Wọ́n ní ohun tó dára jù ni kí adájọ́ ṣàlàyé èyí fún un kedere. Ó dára jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan! Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Gbèsè tí ènìyàn ti fi ara rẹ̀ san, a kò gbọdọ̀ pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé láìjẹ́ pé a sọ fún un pé ó lè tún san án. Ó yẹ kí òfin sọ ọ́ di dandan.

Títí dìgbà náà, kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kó bi lọ́yà rẹ̀ pé: ọjọ́ mélòó gan-an ni mo ń yọ̀ǹda? Ṣé a lè kọ ọ́ pé kò kan ẹ̀wọ̀n ọjọ́ iwájú? Ẹni tí kò lówó lọ́yà, ìjọba ń yan ọ̀kan fún un, lọ́yà náà sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà sílé.