Ìwé Ilé-Ẹjọ́ Kì Í Dirun fún Ọmọ

Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí ìwé pé kí tọkọtaya kan gba ọmọ ṣe ọmọ, òfin ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ náà di ọmọ wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n bí i. Ogún wọn tọ́ sí i, ọmọ tí wọ́n bá sì fúnra wọn bí kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, torí ọmọ ìyá kan náà ni òfin kà wọ́n sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Ṣùgbọ́n ìwé ilé-ẹjọ́ kì í po ògì àárọ̀. Kì í dirun fún ọmọ. Bí ọmọ bá sì ta jí lóru, ìwé kọ́ ni yóò dá a lóhùn.

Tọkọtaya kan ní Agége mọ èyí dáadáa. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọkọ ń ṣe, ìyàwó ń ránṣọ. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wojú Olúwa kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni ọmọbìnrin wọn nígbà tí wọ́n mú un wálé láti ilé ìtọ́jú ọmọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà báyìí. Orúkọ wọn kò ní í jáde níbí nítorí ọmọ náà. Òun ló ni ìtàn yìí, òun ni yóò sì yan ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọ náà dé, ìyá ń kó aṣọ ìdọ̀tí jọ, ó bá ègé ẹran nínú àpò ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí, ó tún bá búrẹ́dì tó ti hu níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn, ní olè ni, kí wọ́n tètè mú pàṣán. Ìyá ọmọ kò mú pàṣán. Ó pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ náà ní ọmọ tó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ jẹun láwo kan máa ń tọ́jú ti ọ̀la pa mọ́, nítorí kò tíì dá a lójú pé ọ̀la yóò ní oúnjẹ.

Ni wọ́n bá ra ike kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n gbé e sórí àpótí tí ọwọ́ ọmọ tó. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, bisikíìtì wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹẹrẹ. Ìyá sọ fún un pé, "Tìẹ nìyí. Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́ ni kó o mú. Tó bá tán, màá tún fi òmíràn sí i." Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ike náà ń ṣófo. Bàbá kùn díẹ̀, torí owó ẹ̀pà kò kéré mọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ọmọ ń gbé ike náà lọ bá bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ mú ọ̀kan." Nígbà tí ọdún yípo, ìyá ló ń rán ọmọ létí pé ẹ̀pà inú ike ti fẹ́ máa rà.

Ọ̀rọ̀ irun le ju ti oúnjẹ lọ. Irun rẹ̀ ti wà ní gígẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó dé, nítorí ọmọ pọ̀ níbi tó ti wá, ọwọ́ tó lè dirun kò pọ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kí irun náà tó ṣeé mú lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá kọ́kọ́ gbé e sáàárín orúnkún tó mú ìlarí, ọmọ náà kò ké. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ẹ̀rù ba ìyá. Ọmọ tí ara ń ro tí kò ké, ó ti mọ̀ pé tí òun bá ké, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, tí ìyá bá ti rí i tí èjìká ọmọ le, á dáwọ́ dúró. "Ṣé ó ń dùn ẹ́? Sọ ọ́ síta. Màá gbọ́." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, láti orí pátẹ́wọ́ dórí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí irun orí kan ń gba ọjọ́ méjì. Títí di ọ̀sán Sátidé kan tí wọ́n ń di ṣùkú, tí ọmọ fi igbe ta lójijì: "Mọ́mì, ẹ rọra! Ó ń dùn mí!" Igbe náà pọ̀ débi pé aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Títí di ọjọ́ yẹn, "Àǹtí" lọmọ náà ń pe ìyá rẹ̀, bó ṣe ń pe gbogbo obìnrin tó ti tọ́jú rẹ̀ rí. Ìyá rọra, ó sì di ṣùkú náà parí.

Aládùúgbò yìí náà ló rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ kan, tó sì pòwe fún bàbá pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá kò bínú. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Ìdí ọmọ mi ni mo sì fi ìlẹ̀kẹ̀ mi sí." Obìnrin náà kò tún pa irú òwe bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó kúrò ládùúgbò kí ọmọ má baà mọ̀. Irú ìmọ̀ràn yìí wọ́pọ̀. Obìnrin mìíràn a máa di aṣọ mọ́kùn kiri bí olóyún, á wá rìnrìn àjò, á gbé ọmọ bọ̀. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n ń sá fún ẹnu ayé. Àmọ́ àṣírí tí ẹni mẹ́wàá mọ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ó lè jáde lọ́jọ́ ìjà, ó lè jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ogún, ó sì lè jáde nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnu ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ ló sì máa ń bá jáde jù.

Tọkọtaya Agége yàn láti sọ ọ́ fúnra wọn, kó má sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ "ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún un." Bàbá lẹ fọ́tò mọ́nú ìwé ilé-ìwé kan: ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ọmọ, aṣọ tí ọmọ wọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, àkàrà tó jẹ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń ṣí i bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé ààlọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ń pa ẹ̀gúsí, ọmọ rí ikùn ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ìyá rẹ̀ tó lóyún.

"Mọ́mì, ṣé inú yín lèmi náà wà tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o. Inú obìnrin mìíràn lo wà. A ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Èmi àti dádì rẹ ń wá ọmọ, a rí ẹ, a sì ní kí adájọ́ jẹ́ kó o jẹ́ tiwa títí láé."

Ọmọ ronú díẹ̀. "Ṣé ó rẹwà?"

"Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ yìí, ẹnì kan ló gbé e fún ẹ."

"Ṣé kí n jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀gúsí yẹn?"

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún béèrè, ìdáhùn kan náà ló sì gbọ́. Ìbéèrè tó le jù wá lóru ọjọ́ kan lẹ́yìn tó fọ́ àwo tánganran ìyá rẹ̀. Ó jí bàbá rẹ̀ lójú oorun: "Dádì, ṣé ẹ máa dá mi padà?" Bàbá dìde jókòó. Ó ní, "Wọn kì í dá ọmọ padà. Àwo la máa ń rà pààrọ̀." Láti òru náà, ọ̀rọ̀ kan di èèwọ̀ nínú ilé wọn. Àwọn òbí mìíràn máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Màá dá ẹ padà síbi tí mo ti rí ẹ." Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé á rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ kò ní í sùn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ìdílé. Ìyá fẹ́ ka ti ìdílé tirẹ̀, ó sì ránti pé irọ́ tí èèyàn bá pa fún dókítà, ara ọmọ ló ń san án. Ó ní, "A gbà á tọ́ ni. A kò mọ̀." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, AS ni. Kò ní àìsàn kankan, àmọ́ ó jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó yan ẹni tí yóò fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí ìwé kò kọ. Nílé-ìwé ẹ̀wẹ̀, olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò ìgbà tó wà ní ìkókó wá. Ọmọ yìí kò ní. Ìyá lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, olùkọ́ sì yí i padà fún gbogbo kíláàsì: fọ́tò ìgbà tó o kéré jù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ọmọ mìíràn tí kò ní ti ìkókó náà rí nǹkan mú wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù ni Ìsẹ́yìn. Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà láàárọ̀, á kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí Àkànní dórí Àdùkẹ́. Tó bá kan ọmọ yìí, "Pẹ̀lẹ́ o" nìkan ni. Ọmọ ṣàkíyèsí. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí òun kò ní orúkọ tí Mọ́mì àgbà fi ń kí àwọn yòókù. Bàbá lọ bá ìyá rẹ̀ ní yàrá lálẹ́. Ìyá àgbà kò fi bò: ẹ̀jẹ̀ ló ni oríkì, òun kò sì fẹ́ kí òkú ọ̀run bi òun léèrè.

Ọmọ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ oríkì ilé yìí jù?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n bí yín sínú ilé yìí?"

Ìyá àgbà kò fèsì. Ìyàwó ni wọ́n mú un wọlé, láti agboolé mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin ilé, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọkọ lára wọn, ló ń kì í jù, àwọn ló sì ń kọ́ ọmọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Nígbà ọdún Iléyá, wọ́n tún lọ. Láàárọ̀ kùtù, ọmọ ń bomi fún ìyá àgbà láti bọ́jú. Ìyá àgbà pè é: "Àjọkẹ́!" Ọmọ wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè. "Ìwọ ni mò ń bá wí. Àjọkẹ́, ẹni tí gbogbo wa jùmọ̀ kẹ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ilé náà. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó ní ìyókù di ọ̀la, kí ọmọ kọ́kọ́ ka èyí tó ti gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọ náà lórúkọ lónìí, ó máa ń fi Àjọkẹ́ kún un láìjẹ́ pé wọ́n béèrè.

Fún ẹbí tó ń rò ó, ọ́fíìsì wẹ́fíà ìpínlẹ̀ yín ni ẹ ó kọ́kọ́ yà sí, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Nínú òfin ọdún 2003, tọkọtaya tó fẹ́ jọ gba ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 25 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dá wà gbọ́dọ̀ pé 35, kí obìnrin gba obìnrin, kí ọkùnrin gba ọkùnrin. Òbí gbọ́dọ̀ fi ọdún 21 ju ọmọ lọ, ọmọ náà yóò sì ti bá wọn gbé fún oṣù 3 ó kéré tán kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí ọmọ pàdánù orúkọ bàbá tó bí i lè gbà á tọ́jú lórí orúkọ yẹn, kí wọ́n sì kọ ìpín fún un nínú ìwé ìhágún, tí kò ní í ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín wá ọmọ fún iye owó báyìí báyìí, ẹ sá fún un. Rírà àti títà ọmọ jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin kan náà, ìyá kan sì lè wà níbì kan tó ń wá ọmọ yẹn.

Fún àwọn tó kù, iṣẹ́ tiyín kò pọ̀. Bí ẹ bá rí ìyá kan pẹ̀lú ọmọ tí kò jọ ọ́, ẹ má béèrè lójú ọmọ pé tiyín gan-an ńkọ́. Ẹ kí ọmọ, ẹ kí ìyá, kí ẹ sì yin ṣùkú tó dì fún un.