Ta Ni Yóò Bá Lọ́yà Dúró?

Nígbà tí a dìbò gómìnà tán ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, tí ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje Oyetola àti Adeleke sì di ti ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ní Òṣogbo, gbogbo wa la ń ka ìbò, la sì ń ka ọjọ́; ṣùgbọ́n n kò rántí ẹnìkan tó ka wákàtí tí àwọn agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì fi sùn. Láàárín 180 ọjọ́ péré tí òfin yọ̀ǹda, wọ́n ní láti pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tú àkọsílẹ̀ BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, wò, kí wọ́n sì kọ àròyé ìkẹyìn, kí ìdájọ́ tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2023, tí ẹjọ́ sì tún gbéra lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn.

Èmi tí a bí sí Iléṣà, ọmọ Ọwá Obòkun, mo mọ orísun agídí tí kì í jẹ́ kí lọ́yà sinmi yìí. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, tí wọ́n bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í dìde títí owó yóò fi wọlé. Ìdí tí ayé fi ń pè wá ní òṣómàálò nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà sì ni Christopher Sapara Williams, tí wọ́n bí sí Sàró, tó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀n ní 1879, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan mo yà kí àbúrò mi kan tó jẹ́ lọ́yà. Ó ti bọ́ wíìgì sórí tábìlì, òógùn ti mú un rọ̀ bí ẹyẹ tí òjò pa, ojú ìwé kan ṣoṣo ló sì ń kà ní àkàtúnkà. Mo ní, “Ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?” Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó fèsì: “Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ mí dé egungun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ta ló máa gbé ẹjọ́ fún lọ́yà tó ti rẹ̀?”

Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí a sì ń sanwó fún kí tiwa má baà bá wa dákẹ́, òun ló wá pa ẹnu mọ́ lórí tirẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò wá nǹkan ṣe sí ló ń bí irú àárẹ̀ yìí. Wọn kò pè é ní àrùn, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ìwà ọ̀lẹ. N kò ní kí wọ́n máa sún ẹjọ́ síwájú o, ẹjọ́ ti falẹ̀ tó nílẹ̀ yìí! Àṣà tó wà ní kóòtù tẹ́lẹ̀, kí lọ́yà kan dìde pé òun dúró fún ẹlẹgbẹ́ òun, ni mo ní kí wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá sì kọ́kọ́ sọ àárẹ̀ tiwọn. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn dìde ní kóòtù, ó ní òun dúró fún un; adájọ́ kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá ẹjọ́ lọ.