Kí Wọ́n Tó Pa Ráútà, Kí Wọ́n Ka Ìwé Ọ̀nà Rẹ̀

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ." Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní ilé-ìwòsàn tàbí ní báǹkì lóde òní. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, ọwọ́ á ti kan wáyà iná. Wọ́n á yọ ráútà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún un kì bọ iná. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ohun tó gbé e lọ. Bí kò bá padà, èébú á bọ́ sórí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ra ráútà mìíràn.

Àṣà yìí kò dára, ó sì ń náni lówó. Inú ráútà kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ kan wà tó ń fi ọ̀nà tí ráútà náà mọ̀ hàn. Routing table ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ìwé ọ̀nà ló yẹ ká máa pè é ní Yorùbá, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹni tó bá pa ráútà kó tó kà á ti pa ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan bàjẹ́, nítorí ìwé tí yóò bá lẹ́yìn tí iná bá padà lè má jẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí Yorùbá ṣe ń júwe ọ̀nà ni ráútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, tó ń wá ilé kan lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, kò ní rí ẹni tó máa ka gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀nà fún un. "Ẹ wọkọ̀ Mókọ́lá, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè Ẹlẹ́yẹlé," ni wọ́n máa sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ráútà tó wà nínú ọ́fíìsì kan l'Òṣogbo kò mọ ọ̀nà Kalifọ́níà délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó kàn ló mọ̀, ẹni tí yóò gbé ẹrù, ìyẹn ìsọfúnni tí à ń fi ránṣẹ́, lé lọ́wọ́. Ẹni yẹn náà á yẹ ìwé ọ̀nà tirẹ̀ wò, á gbé e fún ẹlòmíràn, títí ẹrù á fi gúnlẹ̀. Ohun mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: ibi tí ẹrù ń lọ, ẹni tí wọ́n máa gbé e fún, ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà jáde, àti nọ́ńbà kan tó ń sọ bí ọ̀nà náà ṣe yá tó.

Ká mú akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Kò síná láàárọ̀, ráútà ọ́fíìsì kò ṣiṣẹ́, ló bá fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó ń lo dátà tirẹ̀. Nígbà tó yá, iná dé, Wi-Fi ọ́fíìsì náà dé, láptọ́ọ̀pù sì mú un fúnra rẹ̀. Kò yọ wáyà fóònù, nítorí ó fẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún. Ní aago méjì ọ̀sán, dátà fóònù tán. Bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe dákẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Wi-Fi kún fọ́fọ́ lójú ẹ̀rọ, àwọn tó jókòó tì í sì ń bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù pàápàá ní ìwé ọ̀nà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí rẹ̀, kí ó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, kí ó tẹ route print. Ìlà méjì ló máa bá lókè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.0.0.0. Ìlà yìí túmọ̀ sí "ibikíbi tí kò bá sí nínú àwọn ìlà yòókù", òun sì ni gbogbo ẹrù tó ń lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ń tọ́ka sí 192.168.1.1, ráútà ọ́fíìsì nìyẹn, nọ́ńbà 50 ló wà ní ìparí rẹ̀. Èkejì ń tọ́ka sí 192.168.42.129, fóònù nìyẹn, nọ́ńbà tirẹ̀ sì jẹ́ 25. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ lé. Gbogbo ẹrù akọ̀wé yìí ló ń lọ sọ́dọ̀ fóònù tí kò ní dátà. Ó yọ wáyà kan, ọ̀rọ̀ parí. Ìlà méjì péré ló sọ ohun tí gbogbo ọ́fíìsì kò mọ̀.

Irú ẹ̀ kò lópin. Bí ẹ̀rọ bá rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú yàrá ṣùgbọ́n tí kò rí ohunkóhun níta, ẹ wò ó bóyá ìlà 0.0.0.0 ti sọnù. Bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì nígbà tí kò rí ẹni fún un, kí wọ́n lọ wo ohun tó yẹ kó máa pín àdírẹ́sì.

Èyí tó máa ń da àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá láàmú ni ọ̀nà àbọ̀. Ká sọ pé ilé-ìwòsàn kan wà l'Abẹ́òkúta, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀. Abẹ́òkúta ń lo 192.168.10, Ìjẹ̀bú-Òde ń lo 192.168.20. Lọ́jọ́ kan, èsì kò wá mọ́. Wọ́n wo ráútà Abẹ́òkúta, ìlà Ìjẹ̀bú-Òde wà níbẹ̀ digbí, kò sì sóhun tó ṣe wáyà. Wọ́n lo ọ̀sán kan gbáko nídìí ráútà tí kò ṣẹ̀. Ráútà ti Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti pààrọ̀ láàárọ̀, ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò sì kọ ìlà 192.168.10 padà sínú rẹ̀. Ẹrù láti Abẹ́òkúta ń dé o. Èsì rẹ̀ ni kò mọ̀nà ilé: ìlà 0.0.0.0 ló ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń da irú àdírẹ́sì abẹ́lé bẹ́ẹ̀ nù. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé ọ̀nà lápá kan ṣoṣo kò tíì kà á. Ẹrù ní àlọ, ó ní àbọ̀, ìwé méjì ló sì ń darí wọn.

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹni tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá ṣìnà ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ráútà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́. Ọ̀nà tí ọ̀kan bá lóun mọ̀, àwọn yòókù á kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008, ìjọba Pakistan pàṣẹ pé kí wọ́n ti YouTube mọ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè náà. Pakistan Telecom kọ ìlà kan sínú ráútà rẹ̀ tó máa sọ ẹrù YouTube nù. Àdírẹ́sì 1,024 ni ìlà tí YouTube fúnra rẹ̀ ń kéde fún ayé kó sínú. 256 péré nínú wọn ni ìlà ti Pakistan mú. Òfin ìwé ọ̀nà sì ni pé ìlà tó bá ṣe pàtó jù ni kí ráútà tẹ̀ lé, bí ẹni tó sọ pé "Mókọ́lá n'Ìbàdàn" ṣe ju ẹni tó sọ pé "Ìbàdàn" lásán lọ. Ìlà yẹn jò jáde láti ọ̀dọ̀ PCCW, ilé-iṣẹ́ Hong Kong tó ń gbé ẹrù Pakistan Telecom, ó sì wọ ìwé ọ̀nà káàkiri ayé. Fún bíi wákàtí méjì, ẹni tó ń wá YouTube ní ìlú tí kò mọ nǹkan kan nípa àṣẹ Pakistan bá ara rẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà ti dí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kan Èkó. MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, tó na okùn abẹ́ òkun láti Pọ́túgà wá sí Nàìjíríà, ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ó ní ìsopọ̀ tààrà pẹ̀lú Google, àwọn ọ̀nà tó sì tibẹ̀ mọ̀, ti òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ni. Àṣìṣe wà nínú àwọn ìlànà asẹ́ tó yẹ kó dá wọn dúró, ni wọ́n bá jáde sọ́dọ̀ China Telecom. China Telecom gbà á gbọ́, ó sọ fún TransTelecom ní Rọ́ṣíà, òun náà sì gbà á gbọ́. Agbo àdírẹ́sì Google 212 lọ́rọ̀ náà kàn. Fún ìṣẹ́jú 74, ẹrù tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ Google ń gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kọjá, ọ̀pọ̀ kò sì dé ibi tó ń lọ.

Ariwo sọ láyé. Àwọn kan ní amí ló wà nídìí rẹ̀. MainOne jáde sí gbangba, ó ní àṣìṣe òun ni, ó sọ ibi tí àṣìṣe náà wà àti iye ìṣẹ́jú tó gbà òun láti tún un ṣe. Google náà ní òun kò rí ohun tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó yẹ kí a yin MainOne fún èyí. Lórílẹ̀-èdè tí "ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù" ti sábà máa ń jẹ́ gbogbo èsì tí oníbàárà ń rí gbà, ilé-iṣẹ́ tó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ báyìí ti ṣe ohun tó yẹ kí ìyókù máa ṣe.

Facebook lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ìparẹ́ ni tirẹ̀. Àṣẹ kan tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ pa nígbà tí wọ́n ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé gbogbo ibùdó rẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ̀rọ tó ń sọ àdírẹ́sì Facebook fún ayé bá fa ìkéde ọ̀nà rẹ̀ sẹ́yìn, ìlà tó lọ síbẹ̀ sì parẹ́ nínú ìwé ọ̀nà káàkiri ayé. Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀, tó tún un tàn, tó sì tún ra dátà lé dátà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, asán ló ṣe.

Ó tọ́ kí a sọ ibi tí agbára ìwé ọ̀nà mọ. Ó lè sọ pé ọ̀nà gba ibì kan, kó má mọ̀ pé afárá ti já níwájú. Nígbà tí okùn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ráútà tó ní ìlà tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú rẹ̀ lè máa tọ́ka sí ọ̀nà kan náà títí ẹnìkan á fi yí i padà. Nítorí náà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ping bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàn bóyá ó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi traceroute tẹ̀ lé ẹrù láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí àdírẹ́sì Google kan bíi 8.8.8.8 bá dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ ìkànnì kò ṣí, kí wọ́n pa ìwé ọ̀nà dé. Ọ̀nà kò ṣe nǹkan kan. Ìtumọ̀ orúkọ ló ní wàhálà.

Kí ló wá kù fún ẹni tó ń sanwó? Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ráútà fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ọ̀nà rẹ̀ sórí bébà lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi í lé onílé lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á gbé tòní ti tàná, ìlà tó bá yàtọ̀ á hàn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí, àwọn kan sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ kí wọ́n lè máa pè wọ́n padà. Ìwà yẹn burú, kò sì yẹ kí onílé gbà á. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, RPKI wà báyìí, tó ń fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí ẹni tó ni àdírẹ́sì. Ó lè dá irú ọ̀rọ̀ Pakistan dúró. Kò lè dá irú ti 2018 dúró, nítorí Google ṣì ni olóhun nínú ìkéde yẹn, ọ̀nà ló wọ́. Asẹ́ tí èèyàn yẹ̀ wò dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló lè dá ìyẹn dúró, kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà má sì rò pé ọ̀kan á rọ́pò èkejì.

Ẹni tó bá sì ń múra láti ra ráútà tuntun lọ́sẹ̀ yìí, kó fi owó náà sílẹ̀ ná. Kó pe oníṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ ṣí ìwé ọ̀nà èyí tó wà nílẹ̀, kó sì ní kó ka ìlà 0.0.0.0 sí òun létí.