Ẹ Má Fi Ìwé Kíká Sọ Àgbà Di Ọmọdé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí àmì tí ó wà lórí àkọlé yìí. Kì í ṣe ìwé kíkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkà ni ó kó gbogbo wa jọ sí ìlú Àkrá, àwa tí a ti Nàìjíríà wá, àwọn ará Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Sàró, pẹ̀lú àwọn onílé tí wọ́n gbà wá lálejò. Ìwé kíká ni mo ń wí, iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń ṣẹ́ tákàdá po, láìlo àlùmọ́gàjí, láìlo àtè, títí yóò fi di ẹyẹ, àpótí tàbí ọkọ̀ ojú omi. Origami ni àwọn ará Jàpáàn ń pè é.

Bí a bá fẹ́ kí àwọn arúgbó rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe níbi tí wọ́n bá péjọ sí, ìbáà ṣe gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìtọ́jú, ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ìwé kíká. N kò lòdì sí i rárá. Tákàdá kò wọ́n, kò wúwo, kò sì béèrè ẹ̀rọ. Ohun tí mo lòdì sí ni ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é. Èrò mi ni pé bí a bá gbé iṣẹ́ yìí fún àgbà gẹ́gẹ́ bí eré tí yóò mú un jókòó jẹ́ẹ́, a ti tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, tí a sì bi í léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ti bu ọlá fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní Gánà. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1960, àwọn tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀ ní 200,000. Nígbà tí a tún ka ènìyàn ní 2021, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000,000. Láyé àtijọ́, inú agboolé ni àgbà ń gbé, ọmọ ọmọ kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Owó lè máa wọlé ní ìparí oṣù, ṣùgbọ́n ilé dá páropáro. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún wá ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan mọ́ a máa gan, ẹni tí a kò sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ a máa rò pé òun kò wúlò.

Mo ti bá àwọn kan lọ sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ rí, ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn olùrànlọ́wọ́ pín tákàdá kéékèèké fún àwọn arúgbó bí ogún, wọ́n ní kí olúkúlùkù ká ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹnì kan bá ká tirẹ̀ tán, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a sì máa kí ẹni tí ó lè bí òbí wọn bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, ọmọ Gà, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta kómì, oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kẹ́ńkẹ́. Ó ká ọkọ̀ tirẹ̀ tán kí olùkọ́ tó parí àlàyé, ó tì í sí abẹ́ àga, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ mi tí ó gbọ́ Gà túmọ̀ fún mi pé, “Ta ni a ó fún?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Wọ́n tún na tákàdá mìíràn sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọwọ́ ìyá náà ti ṣe kí a tó gbé tákàdá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí ó kan, tí a sì se apá kan rẹ̀ pò mọ́ èyí tí a kò sè, háhá àgbàdo ni àwọn Gà fi ń pọ́n ọn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni àwọn Fàntí ń lò. Ẹni tí ń pọ́n ọn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí háhá yóò ti tẹ̀ láìya, àti bí yóò ti ki etí rẹ̀ bọnú kí omi gbígbóná má baà tú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá tiwa ń fi ewé eéran pọ́n ẹ̀kọ. Ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, aládìrẹ a máa ṣẹ́ aṣọ po, a fi ìko dì í, kí aró má baà dé ibi tí kò fẹ́. Kí ó tó tú u, ó ti mọ bí yóò ti rí. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ìwé kíká. Ta wá ni ọ̀gá, ta ni ọmọ iṣẹ́?

Kí ló dé tí a fi ń rò pé ti ọmọdé ni? Mo gbà pé ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ ni èrò náà ti gba agbára. Ní 1837 ni Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní ilẹ̀ Jámánì, ìwé kíká sì wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí ó là sílẹ̀ fún wọn. Ní 1876, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin olùkọ́ ní Tokyo dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní ìlànà Froebel, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn àgbà Jàpáàn ti mọ̀ tipẹ́ ṣe wọ kíláàsì bí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo Akira Yoshizawa, tí a bí ní 1911. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, a ní kí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní jiọ́mẹ́tírì, ìwé kíká ni ó sì fi là á yé wọn. Iṣẹ́ yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé kí ó tó kú ní 2005, ní ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 94 gan-an.

Ilẹ̀ Jàpáàn kan náà ni a ti rí èsì ìbéèrè ìyá oníkómì. Níbẹ̀, wọn a máa ká ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, 1,000 ẹyọ, wọn a so wọ́n mọ́ okùn, wọn a sì gbé wọn fún aláìsàn pẹ̀lú àdúrà pé kí ara rẹ̀ yá. Sadako Sasaki, ọmọbìnrin ará Hiroshima tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ pa ní 1955, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bọ́ sí ìlú wọn, wà lára àwọn tí ó sọ àṣà náà di mímọ̀ fún gbogbo ayé. Kí a tó ká ẹyẹ àkọ́kọ́, a ti mọ ẹni tí a ó fún.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe é ní Àkrá, ẹ jẹ́ kí ohun tí a ń ká ní ẹni tí ń dúró dè é: àpò tákàdá fún ẹni tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀, àpótí tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yóò fi kó òkúta ìṣirò sí, ọ̀ṣọ́ fún ilé tí a ti fẹ́ sọmọ lórúkọ. Ẹ má lo tákàdá kéékèèké. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 25 yẹ ọwọ́ tí ó ti gan ju èyí tí ó jẹ́ 15 lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú ibi tí a ṣẹ́, kí ìka má baà ro wọ́n. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí àwọn ènìyàn má sì ju mẹ́jọ lọ. Ẹ má di ọwọ́ àgbà mú láìgba àṣẹ. Ẹ pè wọ́n bí ó ti yẹ, Nana, Awo, Ìyá, Bàbá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tó fi tiwa hàn, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ wa bí a ti ń pọ́n ewé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé oúnjẹ àti oògùn ni arúgbó ń fẹ́, kì í ṣe tákàdá. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ni ó ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí ètò LEAP, tí ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ní 2008, fi ń fún àwọn aláìní lówó, tí àwọn tí ó ti tó ẹni ọdún 65 tí wọn kò ní alátìlẹ́yìn sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n owó kì í bá ènìyàn jókòó. N kò sì sọ pé ìwé kíká ń wo àrùn sàn. Ohun tí mo sọ ni pé ó lè dá ipò olùkọ́ni padà fún ẹni tí ó ní ohun tí yóò kọ́ni. Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ àjèjì ni. Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ti ṣẹ̀ tí a fi ń kọ́ni lójoojúmọ́?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀gá wa ni pé kí wọ́n fi ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà kún ìdánrawò ìkọ́ni wa. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù keje yẹ́ àwọn àgbà sí ní Gánà. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí a pàtẹ iṣẹ́ wọn, kí orúkọ olúkúlùkù sì wà lára ohun tí ó ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, pẹpẹ ni ọgbọ́n wọ̀nyí wà. Ẹ lọ bẹ àwọn tí ọwọ́ wọn tó o, kí wọ́n tó lọ.