Ǹjẹ́ Epo Ẹja Lè Dènà Àrùn Jẹjẹrẹ?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ dánfó ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí ó gba Ìdímù kọjá lọ sí Ìkòtún, kò lè ṣàì bá àwọn olóògùn pàdé. Bí ọkọ̀ bá ti kún tán ni ọ̀kan nínú wọn yóò kọjú sí èrò, yóò gba àdúrà kúkúrú fún awakọ̀, yóò sì ti ọwọ́ bọ àpò. Ní ọjọ́ kan, ìgò tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yọ jáde kún fún hóró oògùn tí ó mọ́ gaara bí oyin, tí ó sì ń dán bí wúrà. Epo ẹja ni ó wà nínú wọn. Ọkùnrin náà ní epo yìí ń mú kí ojú ríran kedere, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere, ó sì ń mú kí ọpọlọ jí. Nígbà tí ó rí i pé àwọn obìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn ti dákẹ́ láti gbọ́ ọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹni tí ó bá ń gbé hóró méjì mì lóòjọ́, àrùn jẹjẹrẹ kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Kí ọkọ̀ tó dé Ìdímù, ó ti ta ìgò márùn-ún.

Èmi kò rà, ṣùgbọ́n èmi kò sì sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ mi ní ọjọ́ náà wà lára ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí, nítorí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹja ni obìnrin yìí ń tà ní ọjà Ìkòtún, ẹja inú yìnyín tí àwọn èrò ọjà ń pè ní òkú Èkó. Nígbà tí ó ń wẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan ní ọmú rẹ̀ òsì. Kò dùn ún, nítorí náà kò kà á sí. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn kan, ìyẹn sì ta epo ẹja fún un, ó ní yóò yọ́ kókó náà dànù. Owó ìgò kan tó owó ẹja tí gbogbo ilé rẹ̀ lè jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ó gbà á gbọ́. Àwọn àgbà kúkú ti ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ó fi ń gbé epo ẹja mì ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹja ọlọ́ràá fún àwọn oníbàárà ní ọ̀sán. Nígbà tí a fi gbọ́, tí a sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, àrùn náà ti ràn dé abíyá rẹ̀. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn bi í léèrè ìgbà tí ó kọ́kọ́ rí kókó náà ni. Ó sọ ọ́ fún wọn, gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ sì wolẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ ba epo ẹja lórúkọ jẹ́. Kì í ṣe májèlé, ìtàn rẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó rántí epo ẹ̀dọ̀ ẹja tí a ń fi ṣíbí bù sí wọn lẹ́nu ní kékeré, tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò ní imú títí di ọ̀sán. Epo náà ṣe iṣẹ́ gidi, nítorí ó ní fítámínì A àti D nínú, a sì fi dènà àrùn tí ń mú kí egungun ẹsẹ̀ ọmọdé wọ́. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì láti ilẹ̀ Denmark, Bang àti Dyerberg, lọ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Greenland tí oúnjẹ wọn pọ̀ ní ọ̀rá ẹja àti ti ẹran inú òkun, nítorí a ti ń sọ pé àrùn ọkàn kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Láti ìgbà náà ni òkìkí ọ̀rá tí à ń pè ní omega-3 ti ń kàn. Àwọn onímọ̀ kan wá rò pé bóyá ó lè dènà jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ wí pé bóyá. Ẹnu ọlọ́jà ni ó yọ bóyá kúrò nínú rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ òtítọ́? Dókítà JoAnn Manson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí olóògùn inú ọkọ̀ kì í ṣe: wọ́n ka iye. Wọ́n kó 25,871 ènìyàn jọ, àwọn ọkùnrin tí ó ti pé ẹni 50 ọdún àti àwọn obìnrin tí ó ti pé ẹni 55 ọdún. Ó ju 5,000 lọ nínú wọn tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ti òyìnbó ni. Wọ́n fún ìdajì wọn ní epo ẹja lójoojúmọ́, wọ́n sì fún ìdajì kejì ní hóró tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ òróró ólífì lásán. Ẹni tí ń gbé e mì kò mọ èyí tí ó kan òun. Ó ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2018 wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n rí. Nínú àwọn tí ó mu epo ẹja, 820 ni àrùn jẹjẹrẹ mú. Nínú àwọn tí kò mu ún, 797 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ tún iye méjèèjì wò. Ìyàtọ̀ mẹ́tàlélógún láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kéré tó ohun tí ó lè ṣèèṣì wáyé, bí ìgbà tí a ta owó ẹyọ sókè. Kò sí ẹni tí ó lè fi í sọ pé epo náà ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ asà tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ibí yìí ni à bá ti rí i.

Àwọn kan tún ń fò láti etí kan bọ́ sí èkejì. Ní oṣù Keje ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Seattle kọ̀wé pé àwọn ọkùnrin tí omega-3 pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni jẹjẹrẹ pròsítéètì mú jù, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Àwọn tí ó gbọ́ àgbọ́ìgbọ́tán bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹja pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wò. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní epo ẹja mu kí wọ́n tó kà. Ní ọdún 2020, a kó ìwádìí mẹ́tàdínláàádọ́ta tí a ti fi epo yìí àti irú rẹ̀ ṣe pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn inú wọn sì ju 100,000 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ padà rárá. Ti pròsítéètì nìkan ni ó dàbí ẹni pé ó lè fi díẹ̀ pọ̀ sí i: bí 1,000 ènìyàn bá mu ún fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ènìyàn mẹ́ta. Mo gbà pé iye yìí kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ sá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi owó rà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé oúnjẹ tí ó dára kò lè burú nígbà tí a bá sọ ọ́ di hóró, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Finland. Èròjà tí ó ń mú kí epo wa pupa, tí ó sì wà nínú kárọ́ọ̀tì, ni a fún àwọn ọkùnrin amusìgá kan níbẹ̀ ní hóró, nítorí a rò pé yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1994 a rí i pé àrùn náà fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ láàrin wọn ju láàrin àwọn tí a kò fún lọ. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sá fún ọbẹ̀ o. Nínú hóró ni ọ̀ràn wà.

Àwọn olóògùn a sì máa fi nọ́ńbà NAFDAC hàn wá bí ẹni fi ìwé ẹ̀rí hàn. Nọ́ńbà náà ń sọ pé a gbà kí wọ́n tà á ni, kò sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ẹ bá àwọn ìyá yín wo ara irú ìgò àti páálí bẹ́ẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kọ ọ́, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ín, pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé ohun tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ní tòótọ́ wà nítòsí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́, láti dènà kòkòrò àrùn tí ó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìyá kan tí ó kọ abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ rẹ̀ nítorí àhesọ, tí ó sì ń ra epo ẹja fún un ní oṣooṣù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá sì rí kókó ní ara rẹ̀ ní Ìkòtún, ọkọ̀ kan péré ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìgandò.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi bi mí léèrè bí ó bá yẹ kí bàbá òun da tirẹ̀ nù, nítorí dókítà ni ó kọ ọ́ fún un nítorí ọ̀rá tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní rárá. Ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, kí ó padà lọ bi dókítà náà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìdí àtẹ rẹ̀. Àwọn dókítà ti gé ọmú òsì náà, ẹ̀rọ tí ó fi ń mú ẹja dì sì ti bá owó ìtọ́jú lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ó ń gbé ẹja pamọ́ sí. Nígbà tí olóògùn kan yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ó ta ẹja méjì fún un.