Igi Tí Ọyẹ́ Kò Lè Pa

Àkọ́rọ̀ òjò ti kan ilẹ̀ ní agbègbè Tchaourou, olúkúlùkù sì ń pọ́n àdá, ó ń wá ọkọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa igi òdòdó tí a lè gbìn sí àyíká ilé.

Láti ara àwòrán ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹbí wọn wà ní ilẹ̀ Faransé máa ń rí òdòdó ńlá kan lórí fóònù, èyí tí ó ṣù bí orí ọmọdé. Òmíràn jẹ́ búlúù, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú. Hortensia ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń bi wá léèrè bóyá a lè gbìn ín síbí. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ra ẹyọ kan ní Cotonou, ó sì gbìn ín síwájú ilé. Nígbà òjò, ó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, a bomi rin ín láàárọ̀, a bomi rin ín lálẹ́, síbẹ̀ ewé rẹ̀ rọ bí ewé tí iná rà. Kí oṣù kejì ọdún tó parí, igi gbígbẹ ni ó kù.

Kì í ṣe pé hortensia jẹ́ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ Japan ni irú èyí tí a mọ̀ jùlọ ti wá. Ní Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí òjò kì í ti í jìnnà, iwájú ilé kún fún un. Ó nílò ìgbà òtútù kí ó tó lè tanná dáadáa. Bí àwọn Faransé bá pe igi kan ní *rustique*, òtútù ni wọ́n ní lọ́kàn: igi tí yìnyín kò pa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, òjò máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ a fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀, ilẹ̀ a sán, omi kànga a lọ sílẹ̀. Igi líle tiwa ni èyí tí ó lè gbààwẹ̀ omi fún oṣù márùn-ún. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó gbin igi.

Irú igi bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Pèrègún ń bẹ, tí ó máa ń tutù lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí òdòdó funfun rẹ̀ sì máa ń ta sánsán lálẹ́. Akòko ń bẹ, tí àwọn Faransé ń pè ní *hysope africaine*: ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè, òdòdó rẹ̀ sì rẹwà lójú. Làpálàpá ń bẹ, ìyẹn *pourghère*. Ẹran kì í jẹ ewé rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe dára fún ọgbà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ó lè wọ́wé dànù kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Májèlé ni èso rẹ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe gbìn ín sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

A kò sọ pé kí a kọ igi àlejò. Ilẹ̀ Brazil ni bougainvillea ti wá, orúkọ awakọ̀ ojú omi ará Faransé kan ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Síbẹ̀, oòrùn wa kò bà á lẹ́rù. Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó máa ń tanná jù.

Gbígbìn wọn kò gba owó. Ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò nísinsìnyí tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé pèrègún tàbí akòko ní ìgbọ̀nwọ́ méjì, ẹ ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ó ti wà lára igi. Ti làpálàpá, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí a gé gbẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ tó fún wọn nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún yẹn, wọn yóò máa tọ́jú ara wọn.

Ohun kan ń kọ wá lóminú. Bí oko kajú ti ń gbòòrò, tí ilẹ̀ ń wọ́n sí i, ọ̀pọ̀ ilé ń fa ọgbà igi àtijọ́ tu, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà nìkan ni àwọn baba wa tìtorí rẹ̀ gbin pèrègún. Wọ́n gbìn ín sí ààlà oko kí ọmọ má baà bá ọmọ jà. Ẹni tí ó gbìn ín ti lọ, àwọn tí ó mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fà á tu láì béèrè, ẹ̀rí ni ó fà tu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan nìyí. Kí òjò tó dá, ẹ lọ bá bàbá tàbí ìyá àgbà nínú ilé yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú yín dé ààlà oko. Ẹ béèrè orúkọ igi tí ó wà níbẹ̀ àti ẹni tí ó gbìn ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Faransé, kí ẹ sì gé ẹ̀ka kan wá sí iwájú ilé. Bí ọyẹ́ bá dé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ óò mọ̀ pé igi tí ó mọ ilẹ̀ wa ni ẹ gbìn.